Kí Etí Ṣáájú Ẹnu: Ìhìnrere Ìgbàlà Láàárín Oríṣiríṣi Àṣà

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú ìhìnrere ìgbàlà dé àárín gbogbo ẹ̀yà àti àṣà ayé. Bí mo bá ní kí n rìn yí ayé ká lálẹ́ òní, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ wa wà, ní Abẹ́òkúta yìí, torí pé ìlú yìí ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìtàn tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé òyìnbó ló gbé ìhìnrere wá. Àbọ̀ ìtàn ni. Nígbà tí Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wàásù lábẹ́ igi Àgíà ní Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ọmọ adúláwọ̀ ni bàbá tó bí i. Ìyá rẹ̀ ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì ṣèèṣì débẹ̀. Àwọn Sàró ló ti ń ránṣẹ́ pé kí ẹnì kan wá. Ẹ mọ àwọn tí mò ń wí: àwọn ọmọ wa tí wọ́n tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1840 pé. Wọ́n dé Abẹ́òkúta, wọ́n rí ẹbí tó ti sunkún wọn tán, wọ́n sì rí i pé kò sí àlùfáà tí yóò ṣe ìsìn fún wọn. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, gba Freeman lálejò kí ọdún náà tó parí, ó sì gba Henry Townsend, ajíhìnrere òyìnbó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ilé ló ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ọmọ ilé yìí ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ṣáájú, ó sì ń fi èdè ìyá rẹ̀ gbàdúrà ní yàrá rẹ̀ kí òyìnbó kankan tó gun òkè Olúmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn Sàró yìí ni mo fẹ́ dúró tì.

Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, jẹ́ ọmọdékùnrin tí kò tíì ju nǹkan bí ọdún 12 lọ nígbà tí wọ́n kó ìlú rẹ̀ lẹ́rú ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn Potogí tó gbé e, ó sì di ará Freetown. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ọdún yẹn náà ló tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, kó tó tún fojú kan ilẹ̀ Yorùbá rárá.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni bó ṣe ṣiṣẹ́ ìtumọ̀.

Crowther kò jókòó sí yàrá kan kó máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Ó ń lọ jókòó ti àwọn àgbà. Ó ń bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń kọ òwe sílẹ̀, ó ń fetí sí bí àwọn abọ̀rìṣà ṣe ń gbàdúrà àti bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó lọ. Nígbà tó tún ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ ní 1852, òwe kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní 1862 ilé rẹ̀ jóná. Àkójọ ọdún 11 bá iná lọ, òwe, ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ rò ó wò: ọdún 11 tí ènìyàn fi tẹ́tí, tó di eérú lójọ́ kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn bíi Thomas King ń bá a lọ, ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn láti Ìwé Róòmù tó jáde ní 1850, títí Bíbélì Yorùbá fi pé odindi ní 1884.

Níbi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. A máa ń sọ pé ẹnu ni oníwàásù fi ń ṣiṣẹ́. Mo ní etí ni. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ ènìyàn, ohun tí yóò wàásù fún un á jẹ́ ìwàásù tó yẹ kó ṣe fún ara rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, wòlíì, àlàáfíà. Níbo lẹ rò pé wọ́n ti wá? Láti èdè Lárúbáwá ni, àwọn kan nínú wọn sì gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá. Àwọn Mùsùlùmí ti ń pe ọkùnrin tó ń kàwé mímọ́ ní àfáà kí Kìrìsìtẹ́nì kankan tó dé Ìjànnà tàbí Àké. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ń wá ohun tí wọn yóò pe àlùfáà inú tẹ́mpìlì, wọn kò mú àwòrò, wọn kò mú babaláwo. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tí àwọn pẹ̀lú ń bá jiyàn ìsìn. Kò sì sí ẹni tó fi ṣe nǹkan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbọ́ kí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí máa bínú sí ara wọn ní èdè yìí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún ìṣubú ara wọn, ọ̀kan náà ni.

Àní ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa fi ń pe àwọn tí kì í ṣe Júù, kèfèrí, láti ibẹ̀ náà ni. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, tí àwọn àgbààgbà péjọ ní Jerúsálẹ́mù láti pinnu bóyá kí àwọn kèfèrí tó gbàgbọ́ dádọ̀dọ́ kí wọ́n tó lè rí ìgbàlà, ẹ má ṣe jókòó bí ẹni tó ń wo ẹjọ́ ẹlòmíràn. Àwa ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ wa ló délé ẹjọ́ níbẹ̀. Ìdájọ́ tí wọ́n dá ni pé kò pọn dandan kí ènìyàn di Júù kó tó di ti Kristi. Ká ní ìdájọ́ yẹn yàtọ̀ ni, bóyá ẹgbẹ́ kékeré kan nínú ẹ̀sìn Júù ni ìgbàgbọ́ yìí ì bá jẹ́ títí dòní. Mo gbà pé kò sí ìpàdé ìjọ kankan lẹ́yìn náà tó ṣe pàtàkì tó o.

Kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n yàn: ìràpadà. Lóde òní, ó ti di orúkọ ìjọ àti àkọlé orin. A ń sọ ọ́ láìronú. Ní ayé Crowther, rírà padà jẹ́ ohun tí ẹbí ń ṣe gan-an. Ogun kó ọmọ rẹ lọ. O ta oko, o yá owó, o rán ẹni tó gbọ́n ẹnu lọ bá ẹni tó mú un, kó bá ọ dúnàádúrà. Bí owó bá pé, ọmọ á padà wálé. Bí kò bá pé, ó di ẹrú títí ayé. Ẹni tí wọ́n ti fi wé iye ẹṣin kan rí ló ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, kò tíì pé oṣù kan tó dé Abẹ́òkúta, ni òun àti Àfàlá, ìyá rẹ̀, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé ẹnì kan san owó láti rà wọ́n padà, wọn kò nílò kí àlùfáà ṣàlàyé kankan fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà bá ọgbẹ́ tó wà nílẹ̀ pàdé.

Àwọn ibi tí etí ti kùnà náà wà. Ìyá àgbà mi kú tòun ti ìgbàgbọ́ pé àkàrà ẹ̀wà ni Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn lórí òkè, torí ìṣù àkàrà ni Bíbélì pè é. Ó ní ẹja méjì yẹn ló mú un dùn. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò dídì tí Aísáyà fi ṣàpèjúwe ọkàn tó mọ́. Ta ló rí òjò dídì rí ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀? A fojú inú wò ó, a sì tẹ̀síwájú.

Èyí tó dùn mí ni Èṣù. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fojú burúkú wò mí, ṣùgbọ́n ẹ pè mí kí n wá sọ̀rọ̀ ni. Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Ìránṣẹ́ ni, ó ń gbé ẹbọ lọ, ó ń ṣọ́ oríta, ó ń ṣe lámèyítọ́ ìwà ènìyàn. Ó lè ṣe rere, ó lè ṣe ibi, ó sì ṣòro gbẹ́kẹ̀ lé. Kò sí ìtàn Ifá kan tí mo mọ̀ tí ó ti ṣọ̀tẹ̀ lọ́run kí wọ́n lè lé e sọ̀kalẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ wa wá orúkọ fún Bìlísì, wọ́n rí ẹni tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rù, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i. Wọ́n ní Sátánì lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀ lò ó níbòmíràn nínú Bíbélì kan náà. Ohun tó yọrí sí ni pé bí ẹ bá lọ bá oníṣẹ̀ṣe lónìí, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù yín láti orí Èṣù, kò ní gbọ́ ìgbàlà. Èébú ni yóò gbọ́. Yóò sì tọ̀nà, nítorí ẹ kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà tí ìhìnrere ì bá gbà wọlé ni a fi òkúta dí.

A ò lè yí i padà mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti wọnú egungun èdè. Ṣùgbọ́n a lè mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Nǹkan kejì tí etí kò gbọ́ dáadáa ni orin. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí àwọn oníwàásù àkọ́kọ́ tú orin ìsìn láti inú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kan náà kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ń gòkè, orin ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn láìmú ìwé orin lọ́wọ́ kò ní mọ ohun tí ìjọ ń wí. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, ìṣòro yìí gan-an ló sì ń bá jà. Ṣáájú rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá olórin, ń kọ orin ìsìn tó bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ó ń fi kó ènìyàn jọ. Ní 1922, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ju orin 40 lọ. Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe ń yí: ilé kan náà ni Fẹlá ti jáde, tó sì fi ẹ̀sìn àwọn bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín nínú orin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni àwọn olùgbọ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú ń pa ènìyàn, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dọ̀ àwọn bíi Joseph Ṣàdàrẹ́. Ní 1925 Mósè Orímọládé àti Kristiánà Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì kí ìpè tó bá a ní 1928, kó Ìléṣà àti gbogbo Ìjẹ̀ṣà jọ pẹ̀lú agogo àti omi ìyè. Wọ́n ti sọ fún àwọn ènìyàn yìí láti ọdún pípẹ́ pé ìgbàlà jẹ́ ohun tí a ń rí gbà lẹ́yìn ikú. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn: ọmọ mi tó ń gbóná lórí ẹní yìí ńkọ́? Gbà àti là ló di ìgbàlà. Ẹni tí omi ń gbé lọ là, aláìsàn là, ẹni tí ogun lé là. Nínú etí Yorùbá, ìgbàlà tí kò bá kan ara kò tíì pé. Aládùúrà kò sì hùmọ̀ ẹ̀sìn tuntun. Wọ́n ka àwọn ìwé Ìhìnrere, wọ́n rí i pé Jésù kò sọ fún adẹ́tẹ̀ kankan pé kó lọ ní sùúrù dọ̀run. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni ìhìnrere di tiwa tán pátápátá. Ọdún 88 ló ti wà láàárín igi Àgíà àti Ìléṣà, tí àwa ń tẹ́tí, tí wọ́n sì rò pé a ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, bó ti wù kí àkókò wa kéré tó. Ní 1947, àwọn fáàdá Kátólíìkì tí wọ́n rán wá láti ilẹ̀ Áyálàǹdì, O'Mahoney àti Kevin Carroll, bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀. Wọn kò mú àwòrán Màríà olójú òyìnbó wá kí wọ́n ní kí àwọn agbẹ́gilére ṣe àdàkọ rẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa, George Bándélé ọmọ Àreògún sì wà lára wọn, wọ́n sọ ìtàn Jésù fún wọn, wọ́n wá dákẹ́. Ohun tó jáde lábẹ́ ọ̀bẹ ni ìbí Jésù pẹ̀lú ojú àti aṣọ tiwa. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ọnà òrìṣà ni wọ́n gbé wọ ilé Ọlọ́run. Èsì Carroll ni pé ilẹ̀kùn àti òpó ààfin, iṣẹ́ ọnà ni, wọn kì í ṣe ohun tí a ń bọ. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́. Mùsùlùmí ni, ó ní Mùsùlùmí lòun yóò sì máa jẹ́, ó sì gbẹ́ ìtàn Jésù sára ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń bá ẹ̀sìn gbé pọ̀ lọ síbẹ̀, kó lọ wò ó.

Ṣé Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Rárá. Matteo Ricci, àlùfáà ará Ítálì, dé Ṣáínà ní 1582. Ó kọ́kọ́ wọ aṣọ bí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, torí ó rò pé bí ẹni mímọ́ ṣe ń múra níbẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú kò ka àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà sí. Ó yí aṣọ padà, ó di ọ̀mọ̀wé, ó ka àwọn ìwé Confucius títí ó fi lè bá wọn jiyàn ní èdè wọn. Ó dé Beijing ní 1601, ó kú síbẹ̀ ní 1610. Ó gbà pé bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òkú bàbá wọn kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àlùfáà mìíràn tí kò gbọ́ èdè tó o kọ ẹjọ́ ránṣẹ́ sí Róòmù. Wọ́n jiyàn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Póòpù fòfin de ààtò náà, ọba Ṣáínà bínú, ó lé àwọn oníwàásù. Ìgbà tó di 1939 ni Róòmù tó mú òfin náà kúrò. Iye ènìyàn tí wọ́n pàdánù láàárín ìyẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Òmíràn sún mọ́ ìgbà tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1962, Don Richardson, ọmọ Kánádà, lọ gbé láàárín àwọn Sawi nínú irà kan ní erékùṣù New Guinea. Ó sọ ìtàn Jésù fún wọn. Nígbà tó dé orí Júdásì, wọ́n yọ̀. Ní àárín wọn, ẹni tó bá fi ìwà ọ̀rẹ́ tan ẹlòmíràn pẹ́ kó tó dà á ni akọni. Júdásì ni akọni ìtàn náà lójú wọn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, bóyá mo ti kó ẹrù mi. Ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń wò. Nígbà tí ogun ń jà láàárín abúlé wọn, ó rí i pé ohun kan ṣoṣo ló lè parí rẹ̀: kí baba kan gbé ọmọ rẹ̀ fún ọ̀tá. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ náà bá wà láàyè, àlàáfíà wà. Ẹni tó bá da ọmọ àlàáfíà ni aṣebi tí kò sí irú rẹ̀. Ìgbà náà ni Richardson rí ẹnu ọ̀nà tó lè gbé ìtàn rẹ̀ gbà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun ló kọ́ ọ̀nà náà. Ó bá a nílẹ̀ ni.

Ó kù ibi tó ń dun àwa fúnra wa. Ní 1864 Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nírú oyè bẹ́ẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ló tì í lẹ́yìn. Townsend, tí wọ́n jọ wà ní Abẹ́òkúta yìí, ti ń kọ lẹ́tà láti tako ọ̀rọ̀ náà, kò fẹ́ kí wọ́n fi òyìnbó sábẹ́ adúláwọ̀. Crowther gba iṣẹ́ odò Ọya, láàárín àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Òun pàápàá kò gbọ́ Ìgbò bó ti gbọ́ Yorùbá. Ní Oníṣà, láti 1857, John Christopher Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ló fi síwájú. Mo rí ọgbọ́n nínú ìyẹn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹ́mírì Ìlọrin ní 1872, kò lọ fi ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe ìlérí ogun. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó ṣí Bíbélì Yorùbá, ó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ dá wọn lóhùn, ó sì dákẹ́.

Venn kú. Àwọn ọ̀dọ́mọdékùnrin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn náà, wọ́n kún fún ìtara, wọn kò ní sùúrù. Ní 1890 wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ dànù, wọ́n dójú ti arúgbó náà níwájú ìgbìmọ̀ tó yẹ kó máa darí. Ó fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2014, Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, tọrọ àforíjì ní Canterbury nítorí ìwà náà. Àwọn tó ṣe é kò sí láyé mọ́ láti gbọ́. Ní Èkó láyé ọjọ́un, àwọn mìíràn kò dúró de àforíjì. David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mọ́jọlá Agbébí ní 1894, kò wọ aṣọ òyìnbó mọ́, ó sì ń wàásù Kristi nínú agbádá rẹ̀.

Mo ti bá àwọn òyìnbó wí tó. Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí wa.

Ẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Dublin ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì máa ń sọ pé Ọlọ́run ló rán wa padà sí àwọn tó rán ìhìnrere sí wa. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Mo wọ ọ̀kan nínú wọn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Láti ẹnu ọ̀nà dé orí pẹpẹ, àwa ni. Òyìnbó kan ṣoṣo tí mo rí, ọkọ arábìnrin kan ni, ó sì jókòó bí ẹni tí wọ́n mú wá wo ìyá ìyàwó. Ìsìn jáde ní ago mẹ́ta ọ̀sán. Aládùúgbò kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá bi wá ní ẹnu géètì pé kí là ń ṣe nínú ilé tí ariwo ti ń jáde láti òwúrọ̀. Arákùnrin aṣọ́nà dá a lóhùn pé kó wá Jésù. Ọkùnrin náà lọ. Kò sí ẹni tó bi í ní orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè, bóyá òun nìkan ló ń gbé, bóyá ajá yẹn ni gbogbo ẹni tó kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí Townsend ṣe sí wa ni à ń ṣe sí i: a ti rò pé a mọ ohun tó ń ṣe é.

Mo sì ń wò ó níhìn-ín náà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ sí abúlé Ògù ní etí òkun, wọ́n ń lọ sí àárín Fúlàní, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ń padà wá ka iye ènìyàn tó nawọ́. Ta ló ṣe ògbufọ̀ fún wọn? Kí ni ògbufọ̀ náà sọ gan-an? Kò sí ẹni tó mọ̀. Crowther fi ọdún 11 kọ àkíyèsí kó tó di pé iná jó o.

Ẹ̀yin tí ẹ pè mí sọ fún mi pé ọ̀dọ́ mẹ́rin ni ẹ ń rán jáde lọ́dún yìí, pé ẹ sì ti ń kó owó ọkọ̀ wọn jọ. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wá olùkọ́ èdè fún wọn. Ẹ san owó ọdún kan fún un. Ní ọdún yẹn, ẹ má bi wọ́n léèrè iye ọkàn tí wọ́n jèrè. Ẹ bi wọ́n ní iye òwe tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Èmi náà yóò fi ohun tí ẹ bá fún mi lálẹ́ òní kún owó olùkọ́ yẹn. Akápò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.